Kọ́ọ̀ṣì Eléérú

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó dáa o. Kí wọ́n wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi. Mi ò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀ràn ló kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ bí dídákẹ́ ṣe ń ba ayé èèyàn jẹ́, ẹ sún mọ́ mi. Tiwátọ́pẹ́ lorúkọ mi, ọmọ Adébánjọ ará Ìkọ̀lé-Èkìtì. Àjàó Estate ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, Ìsọlọ̀ ni mò ń gbé nílé ọkọ báyìí. Ọkọ mi kò burú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kẹ́nikẹ́ni má bàa rò pé òun ni mo fẹ́ fẹnu bà jẹ́.

Ìsmáílà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Nígbà yẹn, ilé-ìwé aládàáni kan ní Mafoluku ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá wa gbé bọ́ọ̀sì ilé-ìwé fún àwọn tó ń kun ọkọ̀, wọ́n ní kí n lọ wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ ilé-ìwé sára ẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọ̀dà ti ṣàn sílẹ̀ lára lẹ́tà méjì, ó dà bíi pé orúkọ náà ń sunkún.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ játijàti yìí?" Bí mo ṣe kí wọn nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan dìde. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́bẹ́, ọ̀dà búlúù wà létí ẹ̀. "Èmi ni, àǹtí. Ẹ má bínú. Òjò ló ká mi mọ́ ìdí ẹ̀."

"Òjò wo? Ọjọ́ wo lòjò rọ̀?"

"Lánàá ni, àǹtí, ní Mafoluku níbí. Àwọn ará Àjàó Estate lè má mọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ pé Àjàó Estate ni mo ti ń bọ̀?"

"Bàtà yín ni. Kò ní ẹrẹ̀."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Bí wàhálà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Láptọ́ọ̀pù kan wà lórí garawa ọ̀dà lẹ́yìn ẹ̀. Mo yọjú wò ó. Ó ní géèmù kan ni, níbi téèyàn ti ń to ọkọ̀ ojú irin kéékèèké, irú èyí táwọn òyìnbó máa ń tò sórí tábìlì nílé wọn, pẹ̀lú afárá ẹ̀, òkè ẹ̀ àti ibùdókọ̀ ẹ̀. Àwọn tó ṣe é fàyè sílẹ̀ kẹ́nikẹ́ni lè kun ọkọ̀ bó ṣe wù ú, kó sì gbé e síta káwọn tó ń gbá géèmù náà káàkiri ayé máa lò ó. Aṣọ ọkọ̀ ni Ìsmáílà, ọmọkùnrin ọlọ́dà yẹn, ń pe kíkùn náà. Òótọ́ sì ni, torí tó bá ń kùn ún, gbogbo ara ọkọ̀ yẹn á tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí télọ̀ gé tí kò tíì rán: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ́tọ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì lọ́tọ̀, òrùlé lọ́tọ̀. Ìlà tó bá fi díẹ̀ yẹ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé, tí ọkọ̀ bá dìde dúró báyìí, gbogbo ayé ló máa rí i.

"Ṣé ẹ máa wò ó bó ṣe ń lọ?" ló bi mí.

Mo yíjú kúrò lára ẹ̀. Mo ní mò ń kánjú, mo sì jáde.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀, kó lè yé yín. Awakọ̀ ojú irin ni bàbá mi. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan ṣáájú mi, Kọ́láolúwa. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí èmi jẹ́ mẹ́rin, ó máa ń lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Òṣòdì láti juwọ́ sí Dádì tí wọ́n bá ń kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sáré kọjá sápá kejì kí Dádì lè rí i dáadáa. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lórí irin kejì. Dádì wà lókè nínú ọkọ̀ tiwọn, wọ́n ń juwọ́ sí i. Gbogbo ẹ̀ ló ṣojú wọn.

Wọn ò wa ọkọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n kó wa lọ sí Àjàó Estate, torí ariwo bàálù kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí ló sin Kọ́lá. Òbí kì í rí ibojì ọmọ ẹ̀ nílẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni ò sì fi hàn wọ́n. Ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Kọ́lá, wọ́n di Ìyá Tiwá lóòjọ́. A ò gbọdọ̀ dárúkọ Kọ́lá nílé wa. Kò sẹ́ni tó ṣòfin ẹ̀ o, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wo orí mi. Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà l'Ékòó, ẹni tó ń kun ọkọ̀ ojú irin ni ọkàn mi yàn.

Mo padà lọ, kí ni mo fẹ́ parọ́ fún? Mo ní mo fẹ́ wo lẹ́tà tó tún ṣe. Lọ́jọ́ kejì, mo ní mo gbàgbé gègé mi síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mi ò wá àwáwí mọ́, mo kàn máa ń ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà, màá lọ jókòó tì í lásìkò ìsinmi ọ̀sán. Ìkìrun ni wọ́n ti bí i. Yàrá kan ló gbà ní Mafoluku. Ó lè fi wákàtí mẹ́ta kun ibi tí irin ti dógùn-ún lábẹ́ ọkọ̀ inú géèmù, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí.

"Ta ló máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibẹ̀?" ni mo bi í.

"Èmi," ló ní. "Ọkọ̀ tí kò bá ní eruku lábẹ́, irọ́ ni."

Mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ dé ibi tí mo fi kọ́ láti wo ọkọ̀ ojú irin láìyíjú kúrò. Lọ́jọ́ tó ní òun máa fẹ́ mi, ó fi kọ́ọ̀ṣì kan, irú èyí tí èrò ń wọ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, hàn mí nínú géèmù náà, eléérú látòkè délẹ̀, àwọ̀ práímà tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fọ́n sára ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún.

"Tìẹ nìyí. Àwọ̀ wo lo fẹ́?"

"Ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni màá sọ."

"Kí ló dé tí kì í ṣe òní?"

"Kó o lè máa wá mi kiri ni." Ó rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ àwọ̀ tí mo fẹ́ o. Àwọ̀ ọsàn ni. Mo kàn ń fi ṣeré ni, mo rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú.

Ọdún kan àbọ̀ la fi wà bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀ Kọ́lá fún un. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ́, màá rò ó pé tó bá gbọ́, kò ní lè fọwọ́ kan géèmù yẹn lójú mi mọ́, nǹkan ayọ̀ ẹ̀ kan ṣoṣo. Màá ní ó dọ̀la.

Àǹtí Rodiat ni alárinà wa. Ẹ̀gbọ́n Ìsmáílà ni, àwọn méjèèjì jọ wá láti Ìkìrun. Ó ń ṣe irun ní Bọ́ládé, ọ̀dọ̀ ẹ̀ sì ni Mọ́mì mi ti ń ṣe irun tiwọn. Òun ló bá Mọ́mì sọ ọ́, Mọ́mì bá Dádì sọ ọ́, Dádì sì fi oṣù mẹ́rin gbáko kọ̀.

"Ìmàle," ni wọ́n ní. "Akunkọ̀. Ará Ìkìrun. Ṣé àwọn ọmọ Èkìtì ti tán l'Ékòó ni?"

"Bàbá Tiwá, ẹ jẹ́ kó wá kí yín ná," ni Mọ́mì sọ. "Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Ìgbà tí Àǹtí Rodiat wá kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, Dádì gbà. Wọ́n ní kó wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo rántí géèmù yẹn. Mo sáré lọ bá Ìsmáílà.

"Tó o bá ń bọ̀, má gbé láptọ́ọ̀pù yẹn wá. Má dárúkọ ọkọ̀ ojú irin rárá."

Ojú ẹ̀ yí padà. "Ojú ń tì ẹ́ nítorí ẹ̀. O ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àgbàlagbà bíi tèmi ń gbá géèmù."

"Kì í ṣe ìyẹn."

"Kí ni, nígbà náà?"

Orí ahọ́n mi ló wà. Ó dé etí eyín mi. Mo dákẹ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ó gba ọ̀dọ̀ Àǹtí Rodiat lọ. Àǹtí Rodiat ní, "Má dá Tiwá lóhùn. Bàbá tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ ojú irin! Ta ló máa fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn yẹ́ wọn sí tí wọ́n máa bínú?" Ó rántí pé bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ojú irin ti pàdé Dádì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òun ní Bọ́ládé rí, tó sì pariwo, "Bàbá Kọ́lá!" Àǹtí Rodiat gbà pé Kọ́lá làkọ́bí, pé ó ti ní láti wà lókè òkun. Ẹ má bú u. Ta ni kò mọ̀ pé tá a bá fẹ́ yẹ́ àgbà sí, orúkọ àkọ́bí wọn la fi ń pè wọ́n? Ara ọkọ̀ mélòó lẹ ò ti rí i l'Ékòó yìí? Bàbá Lágbájá, Ìyá Làkáṣègbè.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, Ìsmáílà wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Dádì bi í nípa àwọn òbí ẹ̀, ó dáhùn dáadáa. Wọ́n bi í pé ṣé ó máa jẹ́ kí ọmọ àwọn máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Èmi gan-an ni màá máa sìn wọ́n lọ, sà. Tí mo bá ti dúró níta, wọn ò ní pẹ́ jù."

Dádì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rí i kedere, eyín wọn ti ń yọ. Mọ́mì wò mí, wọ́n fojú sọ fún mi pé ó ti bọ́ sí i. Mo lọ gbé ohun mímu wá.

Ìgbà tí mo padà dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́, Ìsmáílà ti gbé láptọ́ọ̀pù sórí àga, ó ń sọ pé, "Ẹ̀bùn kékeré ni, sà."

Ọkọ̀ náà yọ látinú ihò òkè. Aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò ni, bí ọkọ̀ ojú irin ayé àtijọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú eruku lábẹ́. Ó rọra ń bọ̀. Ìsmáílà fi lẹ́tà funfun tó ní òjìji pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: BÀBÁ KỌ́LÁ. Kọ́ọ̀ṣì eléérú, kọ́ọ̀ṣì tèmi, ló ń tẹ̀ lé e.

"Kọ́lá," ni Mọ́mì wí. Wọn ò pariwo. Bí ẹni ń pe ọmọ wọlé kó wá jẹun ni wọ́n ṣe pè é.

Dádì nawọ́, wọ́n fi ìka méjì pa láptọ́ọ̀pù náà dé. "Ta ló rán ọ sí mi?"

"Sà?"

"Mo ní ta ló rán ọ? Ta ló ní kó o wá fi ikú ọmọ mi ṣeré nínú ilé mi?"

Ìsmáílà yíjú sí mi. Kò yé e rárá. Gbólóhùn kan ni mo ní láti sọ: Dádì, kò mọ̀, èmi ni mi ò sọ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan ló dìde nínú mi, ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé orúkọ yẹn kò ṣeé pè. Mo dákẹ́.

"Jáde," ni Dádì sọ. "Láyé mi, o ò ní fẹ́ ọmọ mi."

Mo bá a lẹ́nu géètì. Mo wá sọ gbogbo ẹ̀ fún un níbẹ̀, nígbà tí kò wúlò mọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun yẹn.

"Ọdún kan àbọ̀, Tiwá."

"Mo mọ̀."

"Gbogbo ìgbà tí mò ń fi ọkọ̀ ojú irin hàn ẹ́, tó ò ń rẹ́rìn-ín sí mi."

"Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe irọ́, Ìsmáílà. Jọ̀ọ́."

"Mi ò sọ pé irọ́ ni." Ó nu ojú ẹ̀. "Màá pa orúkọ náà rẹ́ lónìí. Bá mi bẹ Mọ́mì."

Mo bẹ Mọ́mì, mo bẹ Dádì, mo sọ pé ẹ̀bi mi ni. Dádì ní tí ẹ̀bi bá jẹ́ tèmi, èmi ni kí n jìyà ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nípa ẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, Ìsmáílà ní ká lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní kóòtù Ìkẹjà, pé bí ọmọ bá dé, inú Dádì á rọ̀. Mo ní mi ò lè ṣe é.

"Ọmọ kan ló kù fún wọn, Ìsmáílà. Ṣé kémi náà sá kọjá lọ sápá kejì ni?"

"Èmi ńkọ́?"

Mo gbé báàgì mi, mo dìde. Ó ní òun máa dúró. Èmi ni mi ò dúró. Ó rẹ̀ mí. Dádì mú Babáṣọlá wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ Oǹdó, òṣìṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Mo gbà. Lójú oorun mi, mo máa ń gbọ́ tí Ìsmáílà ń bi mí pé àwọ̀ wo ni mo fẹ́. Bí mo ṣe ṣègbéyàwó nìyẹn o.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìgbéyàwó mi, ẹ̀jẹ̀ ríru pa Mọ́mì. Wọ́n ṣubú nínú ilé ìdáná, wọn ò dìde mọ́.

Ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú, ìyá ìjọ kan wá bá Dádì kẹ́dùn. Wọ́n ní, "Ó ti lé lọ́dún kan tí Ìyá Tiwá ò ti wá sí àdúrà Ọjọ́bọ̀ mọ́. A rò pé àìlera ni." Dádì yíjú sí mi. Mọ́mì ò pa Ọjọ́bọ̀ kan jẹ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á mú Bíbélì, wọ́n á lọ.

Àǹtí Rodiat ló wà nítòsí, tó ń kó abọ́. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ẹ dárí jì mí, sà. Ọ̀dọ̀ Ìsmáílà ni wọ́n ń lọ. Àwọn ló rán mi sí i lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ lé e jáde, pé kó má pa orúkọ yẹn rẹ́. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo rò pé Dádì máa gbaná jẹ. Wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n dìde. "Tiwá," ni wọ́n wí, "mú mi lọ."

Mafoluku ò tíì yí padà, ẹrẹ̀ ẹ̀ náà ni. Ìsmáílà rí wa, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ọ̀dà. Ó ti rù sí i. Kò wo òrùka ọwọ́ mi, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ó rí i. Àga oníke funfun kan wà níwájú láptọ́ọ̀pù, ìrọ̀rí kékeré tí Mọ́mì máa ń gbé sẹ́yìn nítorí ẹ̀yìn dídùn sì wà lórí ẹ̀. Mo ti ń wá ìrọ̀rí yẹn nílé. Dádì jókòó síbẹ̀.

"Jẹ́ kí n rí i."

Ọkọ̀ náà yọ látinú ihò òkè. BÀBÁ KỌ́LÁ. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀ṣì kan ti wọ àárín, elésè-àlùkò, àwọ̀ gèlè tí Mọ́mì fẹ́ràn jù. Ó fi lẹ́tà funfun kọ ọ́ sí i lára: ÌYÁ KỌ́LÁ.

"Àwọn ló ní kí n kọ ọ́," ni Ìsmáílà sọ. "Wọ́n ní ó pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti pe àwọn bẹ́ẹ̀."

"Kí ló máa ń ṣe tó bá jókòó síbí?" ni Dádì bi í.

"Wọ́n kàn máa ń wò ó ni, sà. Tó bá dé ibùdókọ̀, wọ́n á ní kí n dá a dúró. Tó bá ti dúró, wọ́n á ní, 'Kọ́lá ti sọ̀kalẹ̀.' Wọ́n á mú Bíbélì wọn, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ sílé."

Ọkọ̀ náà kọjá lórí afárá. Ó ń sún mọ́ ibùdókọ̀. Mo rí ọwọ́ ọ̀tún Dádì tó gòkè díẹ̀díẹ̀, mo rò pé wọ́n fẹ́ pa láptọ́ọ̀pù dé. Wọ́n ń juwọ́ ni.

"Dá a dúró," ni wọ́n wí. Ọwọ́ wọn ṣì wà lókè. "Dá a dúró fún mi. Jọ̀ọ́."

Ìsmáílà dá a dúró. Wọ́n sunkún níbẹ̀ lójú àwọn akunkọ̀, bàbá tí mi ò rí omi lójú wọn rí, àní nígbà tá a sin Mọ́mì. "Wọn ò fi ibi tó wà hàn mí," ni wọ́n ń wí ṣáá. "Ọdún mẹ́tàlélógún, wọn ò fi ibi tó wà hàn mí."

Nígbà tó yá, wọ́n nu ojú wọn. "Ìsmáílà, mo ṣẹ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ pé òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tọrọ ọmọ mi, màá fà á lé ọ lọ́wọ́ láìbi ọ́ ní nǹkan kan."

"Ẹ ṣé, sà," ni Ìsmáílà fèsì. Ó tẹ orí ba. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá gorí ìrókò, ojú ọdẹ á dá.

Dádì tún wo ọkọ̀ náà. Awakọ̀ ni wọ́n, ojú wọn ò lè fo nǹkan tí kò pé. Wọ́n na ìka sí kọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn. "Èyí eléérú yìí ńkọ́? Kí ló dé tí o ò kùn ún?"

Ìsmáílà fọwọ́ pa ọ̀dà tó ti gbẹ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. "Ẹni tó ni ín ò tíì sọ àwọ̀ tó fẹ́ fún mi, sà."

Fóònù mi dún nínú báàgì. Babáṣọlá ni, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti ń bọ̀ nílé. Ìsmáílà gbójú sókè, ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹlòmíì.

Àwọ̀ ọsàn ni. Orí ahọ́n mi ló wà. Mo dákẹ́.